Ìgbà wo ló yẹ kí n kọ́kọ́ pààrọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ háíbíríìdì tuntun?

Ìyá Ìbejì, Ògo-Olúwa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Òṣogbo. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo gbé wá síbí o. Àkọ́bí wa tó wà ní Amẹ́ríkà fi Toyota Corolla háíbíríìdì, èyí tó ń lo bẹntiróòlù pẹ̀lú iná, ránṣẹ́ sí wa. Tuntun ni, kì í ṣe tòkunbọ̀. Kò tíì rin 1,200 máìlì. Ilé sí ibi iṣẹ́ mi ní Asúbíaró, ibi iṣẹ́ sí ilé ìwé àwọn ọmọ, ọjà lọ́jọ́ Sátidé, kò ju ìyẹn lọ. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan la máa ń gbé e dé Ìbàdàn.

Mẹkáníìkì àdúgbò wa ní kí n da ọ́ìlì tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ nù kíákíá, ó ní irin wẹ́wẹ́ ló kún inú ẹ̀. Ọmọ mi ní kí n má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án, pé ìwé ọkọ̀ sọ pé 10,000 máìlì tàbí ọdún kan. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ tún ní ọkọ̀ tó bá ti ń lo iná kì í lo ọ́ìlì, kí n lọ fọkàn balẹ̀. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn mẹ́ta yìí? N kò fẹ́ ba nǹkan tí ọmọ fi òógùn rà jẹ́.

Ọ̀gá Mẹkáníìkì, Òkè-Fìà

Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire. Ọkọ̀ á pẹ́ lọ́wọ́ yín, a ò ní fi rí ibi.

Ẹni tó ní kì í lo ọ́ìlì, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù gidi ló wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn, písítìn rẹ̀ ń lọ sókè sódò bíi ti gbogbo ọkọ̀. Iná kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni. Ọkọ̀ tí kì í lo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni èyí tó jẹ́ iná nìkan, tí wọ́n ń fi wáyà gba iná sí, tí kò ní ibi tí wọ́n ń da bẹntiróòlù sí rárá.

Tèmi ni pé kí ẹ yí i báyìí, torí ó ti kọjá 1,000 máìlì. Irin tuntun pẹ̀lú irin tuntun máa ń ha ara wọn títí wọn á fi mọ ara wọn, ohun tó bá sì ha kúrò, inú ọ́ìlì ló ń bọ́ sí. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ ẹ́ńjìnnì pọ̀ náà a máa fi díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Bí a bá tètè da ti àkọ́kọ́ nù, tí a pààrọ̀ fítà, ọ́ìlì tó mọ́ ni ẹ́ńjìnnì á máa bá ṣiṣẹ́ lọ. Bí ẹ bá wo owó tí wọ́n ná lórí ọkọ̀ tuntun, owó ọ́ìlì kan kò tó nǹkan lára rẹ̀.

Ọmọ Alékúwodò

Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gá. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, ọwọ́ yín ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti mọ ọ̀rọ̀ mọ́tò ní ìlú yìí. Àmọ́ ó yẹ kí Ìyá wa mọ̀ pé ìwé Toyota kò béèrè fún yíyí tètè yẹn. Bí wọ́n ṣe ń gé irin ẹ́ńjìnnì lóde òní ti yàtọ̀ sí ti ayé Peugeot 504. Ó ti ń dán kó tó kúrò ní ilé iṣẹ́, fítà sì wà níbẹ̀ láti mú ìwọ̀nba tó bá ha kúrò. Ohun tí ìwé ń tẹnu mọ́ fún ọkọ̀ tuntun ni bí ẹ ṣe máa wà á: láàárín 1,000 kìlómítà àkọ́kọ́, kí ẹ má sá eré àsápajúdé, kí ẹ má tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn lójijì, kí ẹ má sì fi ìwọ̀n eré kan ṣoṣo lọ jìnnà. Ìyá wa ti kọjá ìyẹn.

Ká ní Honda ni, màá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi ọ́ìlì àkọ́kọ́ sílẹ̀, torí Honda fúnra wọn ni kò fẹ́ kí a tètè dà á nù. Ti Toyota kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá yí i tètè kò pa ọkọ̀ lára, owó ló ná. Ẹni tí kò bá yí i ní 1,000 máìlì kò ṣẹ̀ ẹ́ńjìnnì náà.

Awakọ̀ Òṣogbo sí Ìbàdàn

N kò bá yín jiyàn lórí ti àkọ́kọ́. Èyí tó tẹ̀lé e ni tèmi. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023 ni mo ti pinnu pé háíbíríìdì ni màá máa wà, Camry sì ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Ohun tí mo rí ni pé máìlì tí dáṣíbọ́ọ̀dù ń kà, taya ló ń kà, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Láti Ọláìyá dé Òkè-Fìà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ìrọ̀lẹ́, iná ló ń wa ọkọ̀ mi fún ọ̀pọ̀ nínú ọ̀nà náà, ẹ́ńjìnnì dákẹ́. Bí dáṣíbọ́ọ̀dù bá pe 5,000, ẹ́ńjìnnì kò tíì ṣe iṣẹ́ 5,000. Kí ló wá dé tí à ń sáré da ọ́ìlì tó ṣì lágbára nù?

Onímọ́tò Iná, ọ̀nà Ìlobùú

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ nípa taya àti ẹ́ńjìnnì, àmọ́ ó ku apá kan, apá yẹn ló sì kan Ìyá Ìbejì jù. Háíbíríìdì ni iṣẹ́ tí mo ń ṣe lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa.

Nínú háíbíríìdì Toyota, kò sí sítátà kékeré tí a mọ̀ yẹn. Mọ́tò iná tó wà nínú ilé gíà ló ń yí ẹ́ńjìnnì, á ti yí i kó lágbára kí epo tó wọlé, kí iná tó ṣá nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kì í fi gbọ̀n nígbà tó bá dún. Ṣùgbọ́n ó ń dún, ó ń dákẹ́, ó tún ń dún, ó tún ń dákẹ́. Láti Ògo-Olúwa dé Asúbíaró, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ní òwúrọ̀, bí ẹ bá ti tẹ POWER, kì í pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì á fi dún láti mú ara rẹ̀ àti ẹgisọ́ọ̀sì gbóná. Bó bá ti gbóná mọ níwọ̀nba, ó kú. Omi inú radiétọ̀ a máa tètè gbóná, ọ́ìlì kì í yára tó o. Ẹ lè dé ibi iṣẹ́ kí ọ́ìlì yẹn tó gbóná bó ṣe yẹ.

Kí ló burú nínú kí ọ́ìlì má gbóná? Bẹntiróòlù tó bá jó máa ń mú oru omi jáde. Díẹ̀ nínú oru omi yẹn, àti díẹ̀ nínú epo tí kò jó tán, máa ń gba ẹ̀gbẹ́ písítìn bọ́ sínú ọ́ìlì nísàlẹ̀. Bí ọ́ìlì bá gbóná tó sì pẹ́ nínú ooru, á lé gbogbo wọn jáde. Ọ́ìlì ọkọ̀ Ìyá wa dà bí ìkòkò omi tí a gbé kaná tí a ń sọ̀ kalẹ̀ lójoojúmọ́ kó tó hó. Ohun tó yẹ kó ti fẹ́ lọ ṣì wà níbẹ̀, ó ń sọ ọ́ìlì di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sì ń ba àwọn èròjà tí wọ́n pò mọ́ ọn jẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ Ìbàdàn lójoojúmọ́, tiyín ń gbóná dáadáa. Ìyàtọ̀ nìyẹn. Ọkọ̀ méjì lè rin máìlì kan náà kí ọ́ìlì wọn má rí bákan náà.

Torí náà, ẹni tó bá ń fi háíbíríìdì rìn láàárín ìlú, oṣù ni kí ó máa kà ju máìlì lọ. Ẹ máa wo gééjì ọ́ìlì náà: ibi tó tẹ́jú ni kí ọkọ̀ dúró sí, kí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, kí ẹ pa á, kí ẹ dúró ju ìṣẹ́jú 5 lọ kí ẹ tó fa gééjì yọ. Bí ọ́ìlì bá ń lọ sókè dípò kó máa dín kù, tó sì ń rùn bíi bẹntiróòlù, ẹ má dúró de oṣù tàbí máìlì kankan mọ́.

Ọmọ Alékúwodò

Àlàyé yẹn dára gan-an. Mo kàn fẹ́ tún ibì kan ṣe kí ẹ̀rù má baà ba Ìyá wa ju bó ṣe yẹ lọ. Ìrìn kúkúrú tí Toyota kà sí ìlò líle nínú ìwé wọn ni èyí tí kò tó máìlì 5, nígbà tí òtútù bá mú débi tí omi ń di yìnyín. Òṣogbo kì í tutù bẹ́ẹ̀, kódà nínú ọyẹ́. Omi inú ọ́ìlì kò lè ṣe wá bó ṣe ń ṣe wọ́n ní Amẹ́ríkà nínú oṣù Kìíní.

Èyí tó kàn wá gan-an nínú ìwé yẹn ni eruku. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà tàbí tó kún fún eruku, ìwé fúnra rẹ̀ ló dín in kù sí 5,000 máìlì tàbí oṣù 6, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Nínú kìlómítà, ìyẹn jẹ́ 8,000, nígbà tí 10,000 máìlì jẹ́ nǹkan bíi 16,000. Ọmọ Ìyá wa kò parọ́, ìlà tó kà ni ti ẹni tó ń wakọ̀ lójú ọ̀nà tó mọ́. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó ka ìlà tó tẹ̀lé e.

Ìyá Ìbejì, Ògo-Olúwa

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á fún yín ṣe. Láti ibi tí ọ̀dà parí sí títí dé ẹnu géètì wa, ilẹ̀ pupa ni. Bí ọyẹ́ bá dé, kí n tó parí ìnulẹ̀ òwúrọ̀, bọ́nẹ́ẹ̀tì ti funfun báyìí. Ó dà bíi pé ìlà kejì yẹn ló bá wa mu.

Ọ́ìlì wo ni kí n rà? Mẹkáníìkì wa ní 20W-50, pé òun ló lè dúró de oòrùn wa.

Àlájà Ọlọ́ìlì, Ìgbọ̀nà

Ìyá Ìbejì, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí wọ́n da 20W-50 sí ọkọ̀ yẹn. Mò ń ta 20W-50 ní ṣọ́ọ̀bù mi, òun ni ọjà tó ń yá jù, mo sì ń sọ fún yín pé kì í ṣe tiyín. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wo orí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí. Wọ́n sábà máa ń kọ nọ́ńbà náà síbẹ̀, ẹ ó sì rí i nínú ìwé ọkọ̀ pẹ̀lú. Fún Corolla háíbíríìdì ti Amẹ́ríkà, 0W-16 ni. Ó fẹ́lẹ́ gan-an, àwọn mẹkáníìkì míì á bojú wò ó pé omi ni. Bí wọ́n ṣe ṣe ẹ́ńjìnnì náà nìyẹn, ihò tí ọ́ìlì ń gbà kọjá tóóró, èyí tó ki kì í tètè gòkè nígbà tó bá dún. Ọkọ̀ tó ń kú tó ń jí bíi tiyín, ọ́ìlì tó ń tètè gòkè ló nílò.

0W-16 kì í fi bẹ́ẹ̀ sí ní Òṣogbo. 0W-20 lẹ ó tètè rí. Ìwé Toyota gbà yín láyè láti lo 0W-20 bí ẹ kò bá rí 0W-16, kí ẹ padà sí 0W-16 nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ yí i. Ẹ lè ní kí wọ́n bá yín ra 0W-16 láti Èkó kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sílé. Lẹ́yìn kẹ́ẹ̀gì, ẹ wá API SP, àmì tó ń fi ìpele ọ́ìlì náà hàn. Ẹ́ńjìnnì náà ń gba díẹ̀ ju lítà 4 lọ pẹ̀lú fítà, nítorí náà kẹ́ẹ̀gì lítà 4 kan kò ní tó, ẹ ra lítà 1 kún un. Kí mẹkáníìkì má kàn da gbogbo rẹ̀ sínú rẹ̀ o. Gééjì ni kí ó máa wò. Ọ́ìlì tó bá kún jù náà ń ṣe ẹ́ńjìnnì ní jàǹbá.

Ọ̀rọ̀ ayédèrú ló ń dùn mí jù. Àwọn kan wà tó ń ṣa kẹ́ẹ̀gì òfìfo ọ́ìlì olówó ńlá, wọ́n á rọ èyíkéyìí sínú rẹ̀, wọ́n á tún lẹ ìdérí rẹ̀ padà. Bí òrùka ìdérí bá ti gé tàbí tó ní gọ́ọ̀mù lára, ẹ fi sílẹ̀. Bí owó rẹ̀ bá dín kù púpọ̀ sí ti gbogbo ọjà, ẹ béèrè ìdí. Lẹ́yìn tí ẹ bá sì lo tiyín tán, ẹ fi ọ̀bẹ gún kẹ́ẹ̀gì náà níwájú ara yín kí ẹ tó jù ú nù. Bí gbogbo wa bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọn ò ní rí kẹ́ẹ̀gì ṣà.

Ọ̀gá Mẹkáníìkì, Òkè-Fìà

Àlájà ti sọ ọ́ tán. Ọkọ̀ àtijọ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti gbó ló ni 20W-50. Kí mẹkáníìkì yín pààrọ̀ fítà nígbàkigbà tó bá yí ọ́ìlì, kí ó sì fi wáṣà tuntun sí ìdí bóòtù tí wọ́n fi ń tú u. Ọ̀pọ̀ ọ́ìlì tó ń jò tí wọ́n ń gbé wá bá mi, wáṣà tí wọn ò yí ló fà á.

Lórí 1,000 máìlì, mo dúró lórí tèmi.

Onímọ́tò Iná, ọ̀nà Ìlobùú

Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n gbè yín lẹ́sẹ̀ díẹ̀, ọ̀nà ibòmíì ni màá gbà. Ìyá Ìbejì, ìgbà wo ni wọ́n ra ọkọ̀ yìí lọ́hùn-ún? Ọ́ìlì tó wà nínú rẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Oṣù tó lò ní ibi tí wọ́n ti ń tà á, oṣù tó lò lórí òkun, oṣù tó lò ní etíkun Èkó kí wọ́n tó gbé e jáde, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ kà mọ́ oṣù 6 yẹn. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó ti pé, bí máìlì rẹ̀ tilẹ̀ kéré.

Nǹkan mìíràn, fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ náà. Bí iná READY bá ṣì wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ọkọ̀ náà kò tíì kú. Ẹ́ńjìnnì lè dákẹ́ rọ́rọ́, kó sì dún lójijì nígbà tí ọwọ́ mẹkáníìkì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù, tàbí nígbà tí ọ́ìlì ti jáde tán nínú rẹ̀. Ẹ tẹ POWER kí READY kú, ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ jìnnà sí ọkọ̀. Wáyà aláwọ̀ ọsàn kankan, ẹ má fọwọ́ kàn án, iná tó wà nínú bátìrì ńlá yẹn ju 200 fọ́ọ̀tì lọ. Yíyí ọ́ìlì kò béèrè pé kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ wáyà yẹn rárá. Mẹkáníìkì tó bá ní òun fẹ́ kọ́kọ́ tú u, ẹ gba ọkọ̀ yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é, kí wọ́n wo fítà afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n sì wo ihò tó ń fa afẹ́fẹ́ sí bátìrì ńlá, ní ìsàlẹ̀ àga ẹ̀yìn. Eruku àti irun ló ń dí i. Bí ó bá dí, bátìrì á máa gbóná, owó bátìrì kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ owó ọ́ìlì. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ kó báàgì ilé ìwé dí i.

Awakọ̀ Òṣogbo sí Ìbàdàn

Mo gbà pẹ̀lú yín lórí oṣù. Iná tó ń tàn pé kí a lọ ṣe séfíìsì ńkọ́, ṣé kò tó láti tẹ̀ lé?

Ọmọ Alékúwodò

Nínú Toyota ti Amẹ́ríkà, máìlì nìkan ni iná yẹn ń kà. Bó bá kù díẹ̀ kó pé 5,000, á bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀. Kò mọ bí ọ́ìlì ṣe rí, kò mọ oṣù, kò mọ̀ bóyá ayédèrú lẹ dà sí i. Ti Honda máa ń ṣírò bí ẹ́ńjìnnì ṣe ṣiṣẹ́, ìyẹn sàn díẹ̀. Bí wọ́n bá yí ọ́ìlì tán, kí wọ́n dá òǹkà náà padà sí òdo. Ẹ má sì ṣì í mú fún iná pupa tó ní àwòrán agolo ọ́ìlì. Ti pupa yẹn, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ pa ọkọ̀, agbára ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀ nìyẹn.

Kí ẹ tún má fi àwọ̀ dúdú dá ọ́ìlì lẹ́jọ́. Iṣẹ́ ọ́ìlì ni láti kó ìdọ̀tí mọ́ra, ó lè dúdú kó ṣì wúlò.

Olùkọ́, Dàda Estate

Ẹ jọ̀wọ́, ibo ni ọ́ìlì kọ́ńdẹ̀mù yẹn ń lọ? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yí i nílé, ẹ má dà á sí gọ́tà. Gọ́tà ìlú wa, odò ló ń wọ́ lọ, odò wa sì ni Ọ̀ṣun. Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO fi sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005 wà létí omi yìí, àwọn èèyàn ṣì ń bu omi rẹ̀ mu. Ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ gbé e fún àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù, wọ́n fi ń pa mọ́ọ̀dù. Káfíńtà náà ń wá a nítorí ikán.

Ìyá Ìbejì, Ògo-Olúwa

Mo ti pe ọmọ. Ó ní ó ti lé ní oṣù 7 tí wọ́n ti ra ọkọ̀ náà, òun kò ronú kan ti orí òkun. Òun fúnra rẹ̀ ka ìlà eruku yẹn fún mi. Ó máa bá wa wá 0W-16 pẹ̀lú fítà, a ó sì yí i bí wọ́n bá ti dé. Lẹ́yìn ìyẹn, oṣù mẹ́fà mẹ́fà, bí 5,000 máìlì kò bá kọ́kọ́ pé. Ṣé ó yẹ kí n máa tọ́jú rìsíìtì?

Ọ̀gá Mẹkáníìkì, Òkè-Fìà

Ẹ tọ́jú rẹ̀, Ìyá. Ẹ kọ déètì àti máìlì sí i lára, pẹ̀lú irú ọ́ìlì tí wọ́n dà sí i, kí ẹ fi sínú ìwé ọkọ̀. Mẹkáníìkì tó bá tún bá yín ṣe é lọ́jọ́ iwájú á fẹ́ mọ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ rà á lọ́wọ́ yín á béèrè rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ dúró tì wọ́n, kí ẹ rí i kí wọ́n ṣí kẹ́ẹ̀gì náà lójú yín.